W. E. B. Du Bois: Ẹni Tó Kà Wá Láti Ojúlé Dé Ojúlé

Àǹtí wa ní kí oníkálukú kọ ìtàn ìgbésí ayé ẹnì kan tó ti kú tipẹ́, tí iṣẹ́ rẹ̀ ṣì ń wúlò fún wa. Àwọn ọ̀rẹ́ mi mú ọba, wọ́n mú jagunjagun. Èmi mú ọkùnrin kan tó ń ka èèyàn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín.

Ní ọdún 2020, nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà ń ṣe ètò ìkànìyàn, mo ṣì kéré. Dádì mi jókòó sídìí tábìlì, wọ́n ń kọ orúkọ wa sínú fọ́ọ̀mù lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan Màmá àgbà tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, Màmá ní kí Dádì má kọ orúkọ àwọn síbẹ̀ rárá. Wọ́n ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, kí wá ni ìjọba fẹ́ fi iye wa ṣe? Dádì bẹ Màmá títí kí wọ́n tó gbà, inú wọn ò sì dùn.

Lábẹ́ àpótí tí aláwọ̀ dúdú máa ń sàmì sí, àlàfo kan wà tí wọ́n ní ká kọ ibi tí ìran wa ti ṣẹ̀ wá sí. Ọdún 2020 yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ fi àlàfo náà síbẹ̀. Wọ́n fi àpẹẹrẹ hàn wá: ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, ará Jamaica, ará Haiti, ọmọ Nàìjíríà, ará Ethiopia, ará Somalia. Dádì kọ Nàìjíríà. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń rò ó pé ta ló tọ̀nà nínú Dádì àti Màmá. Nígbà tí mo ka ìtàn Du Bois, mo rí i pé ọ̀rọ̀ yẹn ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bí Màmá pàápàá.

Wọ́n bí William Edward Burghardt Du Bois ní ọjọ́ 23, oṣù Kejì, ọdún 1868, ní Great Barrington, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Nígbà yẹn, kò tíì pé ọdún mẹ́ta tí wọ́n fòfin de ìkónilẹ́rú ní Amẹ́ríkà. Kí ó tó dìgbà náà, ìjọba máa ń ka ẹrú o, ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ń kà wọ́n. Òfin ilẹ̀ náà ní kí wọ́n ka ẹrú márùn-ún sí ẹni mẹ́ta, kí àwọn ìpínlẹ̀ tó ní ẹrú lè fi rí àyè púpọ̀ sí i nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Nínú ìkànìyàn ọdún 1850 àti 1860, wọ́n kọ ọjọ́ orí ẹrú, wọ́n kọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, wọ́n kọ àwọ̀ rẹ̀ àti orúkọ olówó rẹ̀. Orúkọ ẹrú fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ọdún 1870 ni wọ́n tó kọ orúkọ gbogbo àwọn tó ti jẹ́ ẹrú rí sínú ìwé ìkànìyàn. Ọmọ ọdún méjì ni Du Bois nígbà náà.

Bàbá rẹ̀ ti fi ilé sílẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré, ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà. Kò pẹ́ tó jáde ilé-ìwé girama tí ìyá náà fi kú. Àwọn ará ìjọ tó wà ládùúgbò ló dáwó jọ fún un, ló bá lọ sí Yunifásítì Fisk ní ìpínlẹ̀ Tennessee. Nígbà ìsinmi, ó máa ń lọ kọ́ àwọn ọmọ ní abúlé. Lẹ́yìn náà ó lọ sí Harvard, ó sì lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i ní Berlin, ní Jámánì. Ní ọdún 1895, òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Harvard.

Ní ọdún 1896, Yunifásítì Pennsylvania gbà á láti ṣe ìwádìí nípa àwọn aláwọ̀ dúdú ní Philadelphia, ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Seventh Ward. Àwọn kan nílùú náà gbà pé àwọn aláwọ̀ dúdú ló ń kó ìṣòro bá ìlú. Du Bois àti ìyàwó rẹ̀, Nina, kó lọ gbé ládùúgbò náà gan-an. Kò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló ń kan ilẹ̀kùn kiri, láti ojúlé dé ojúlé, títí ó fi dé nǹkan bí 2,500 ilé. Ó ń béèrè ọjọ́ orí, ibi tí wọ́n bí wọn sí, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, iye tí wọ́n ń san fún ilé, àti bóyá wọ́n mọ̀wé kà. Ẹ má rò pé gbogbo èèyàn ló gbà á tọwọ́tẹsẹ̀ o. Inú ọ̀pọ̀ nínú wọn ò dùn pé ẹnì kan ń wádìí àwọn bí ẹni ń wo kòkòrò. Mo rántí Màmá nígbà tí mo kà á débẹ̀.

Ìwé tó kọ jáde ní ọdún 1899, The Philadelphia Negro ni orúkọ rẹ̀. Aláwọ̀ dúdú 9,675 ló kà ládùúgbò náà. Ohun tó wú mi lórí jù ni pé kò dì wọ́n pọ̀ bí ìdì igi kan. Ó fi hàn pé àwọn kan jẹ́ ọmọ ìlú náà, àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Virginia tàbí Maryland. Àwọn kan rí jẹ, àwọn kan ò rí jẹ. Ó tún fi hàn pé kì í ṣe àwọ̀ ló ń fa òṣì. Wọn kì í gbà wọ́n síṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe, owó ilé wọn sì wọ́n ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìjọba náà wá ń pè é. Ní ọdún 1897, ó lọ sí Farmville ní Virginia fún ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, wọ́n sì tẹ ìwádìí náà jáde ní ọdún 1898. Ọdún 1897 náà ló lọ ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Atlanta. Ọdún yẹn ni wọ́n bí ọmọkùnrin rẹ̀, Burghardt. Àrùn ọ̀nà ọ̀fun pa ọmọ náà ní ọdún 1899, kò tíì pé ọmọ ọdún méjì. Ó ti ń kọ iye àwọn ọmọ tó ń kú sínú ìwé tẹ́lẹ̀, ọ̀kan wá di tirẹ̀. Síbẹ̀ kò fiṣẹ́ sílẹ̀. Ní ọdún 1900, òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ fi ọwọ́ ya àwọn àtẹ aláràbarà tó fi iye àwọn aláwọ̀ dúdú, ilẹ̀ wọn àti ìwé tí wọ́n kà hàn. Wọ́n gbé e lọ sí ìpàtẹ àgbáyé ní Paris, ó sì gba ẹ̀bùn wúrà.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn mí. Ní ọdún 1906, ìjọba tún gbé iṣẹ́ fún un ní Lowndes County, ní Alabama, níbi tí àwọn aláwọ̀ dúdú ti ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀. Òun àti àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ fọ̀rọ̀ wá ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé lẹ́nu wò. Ó kọ ìròyìn náà, ó fi ránṣẹ́ sí ìjọba. Wọn ò tẹ̀ ẹ́ jáde, wọ́n ní ọ̀rọ̀ òṣèlú wà níbẹ̀. Nígbà tó ní kí wọ́n dá a padà fóun, wọ́n ní àwọn ti bà á jẹ́. Gbogbo ohun tí àwọn àgbẹ̀ yẹn fi ẹnu ara wọn sọ, ó lọ bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1910, Du Bois kúrò ní Atlanta, ó lọ bá ẹgbẹ́ NAACP ṣiṣẹ́, ẹgbẹ́ tí òun náà wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ní 1909. Òun ló ń ṣe olóòtú ìwé ìròyìn wọn, The Crisis, títí di 1934. Ibẹ̀ ló ti ń tẹ iye àwọn aláwọ̀ dúdú tí àwọn jàǹdùkú ń so rọ̀ jáde, kó má baà sí ẹni tó lè ní òun ò gbọ́. Ní ọdún 1961, Kwame Nkrumah pè é wá sí Gánà, ó sì di ọmọ ilẹ̀ náà. Accra ló kú sí ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹjọ, ọdún 1963, lẹ́ni ọdún 95. Ọjọ́ kejì ni ìwọ́de ńlá wáyé ní Washington, ibẹ̀ ni wọ́n ti kéde ikú rẹ̀. Accra náà ni wọ́n sin ín sí.

Kí ni mo rí kọ́? Mo rí i pé Dádì tọ̀nà. Ẹni tí wọn ò kà, wọn kì í pín nǹkan dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní ọdún 2024, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ìlànà tuntun pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba máa béèrè irú aláwọ̀ dúdú tí èèyàn jẹ́, orúkọ Nàìjíríà sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí i pé Màmá náà tọ̀nà. Ó yẹ ká béèrè ẹni tó ń kà wá, ohun tó fẹ́ fi iye náà ṣe, àti ibi tó máa tọ́jú rẹ̀ sí.

Mo ka ìtàn yìí fún Màmá. Nígbà tí mo dé ibi ìwé Lowndes County, wọ́n mi orí, wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n mú ìwé àti bírò wá. Wọ́n dárúkọ gbogbo àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wọn fún mi, àti èyí tó wà láyé àti èyí tó ti lọ, mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo fẹ́ kọ iye wọn sí ìsàlẹ̀, Màmá ní kí n má kọ ọ́. Orúkọ nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹ̀dà méjì ni mo sì ṣe.