Adéoyè Lámbò: Dókítà tí kò jẹ́ kí aláìsàn dá wà

Bí a bá gbọ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan gbẹ̀mí ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ méjì ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa. Àwọn kan á ní ọ̀lẹ ni, pé ọmọ ayé òde òní kò lè fara da nǹkan kan. Àwọn mìíràn á ní ayé ló ṣe é. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀rọ̀ ti tán nílẹ̀, ó ku àwọn òbí rẹ̀ nìkan. Ọkùnrin kan wà nílẹ̀ Yorùbá tí kò gba èyíkéyìí nínú méjèèjì gbọ́, tó fi iṣẹ́ ayé rẹ̀ wá ìdáhùn mìíràn. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti kú, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló yẹ ká padà lọ. Orúkọ rẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lámbò.

Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹta, ọdún 1923. Ó kàwé ní Baptist Boys' High School níbẹ̀, kó tó kọjá sí Birmingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tó ti kọ́ṣẹ́ dókítà. Ó padà wálé, ó ṣiṣẹ́ ìjọba fúngbà díẹ̀, ló bá tún gba London lọ láti kọ́ nípa àìsàn ọpọlọ. Iṣẹ́ tí èèyàn kì í fẹ́ kí ọmọ òun ṣe nìyẹn nígbà náà. Wèrè ni wọ́n ń pe gbogbo ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá dàrú, ohun tí ìjọba amúnisìn sì mọ̀ jù ni kí wọ́n wá ibi tì wọ́n mọ́. Lántòrò l'Abẹ́òkúta, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni kó tó di ibi tí wọ́n ń kó wọn sí.

Lọ́dún 1954, Lámbò gba àkóso ilé ìwòsàn ọpọlọ Arò. Wọn ò tíì kọ́ ọ tán, bẹ́ẹ̀ àwọn aláìsàn ti ń dé. Ẹlòmíì ì bá jókòó ti kọngílá. Lámbò kò dúró. Ó tọ àwọn àgbà abúlé mẹ́rin tó wà nítòsí lọ, abúlé àgbẹ̀ bíi tàwọn tó wà ní Akínyẹlé àti Lágelú, ó ní kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé bí ayálégbé. Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà wọ́n. Ta ló fẹ́ kí wèrè wá sùn nílé òun? Ṣùgbọ́n wọ́n gbà nígbẹ̀yìn. Wọ́n yá àwọn onílé lówó láti fẹ ilé wọn, omi ẹ̀rọ wọ abúlé, wọ́n gbógun ti ẹ̀fọn, owó ilé sì ń wọlé.

Òfin kan wà tí Lámbò kò fi ṣeré: aláìsàn kò gbọ́dọ̀ dá wá. Ìyá rẹ̀ ni o, ẹ̀gbọ́n ni o, àǹtí ni o, ẹnì kan nínú ẹbí gbọ́dọ̀ bá a wá, kó máa se oúnjẹ fún un, kó máa fọ aṣọ rẹ̀, kó máa sìn ín lọ sí ọsibítù láàárọ̀. Bí wọ́n bá ti gún un lábẹ́rẹ́ tán, tó lo oògùn rẹ̀ tán, abúlé ló ń padà sí, á bá wọn ròkò, á bá wọn dá sí ohun tó bá ń lọ. Ó tún gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ síṣẹ́ lábẹ́ àbójútó. Àwọn dókítà kan bẹnu àtẹ́ lù ú nítorí ẹ̀, àmọ́ kò yẹ̀ lórí ohun tó gbà gbọ́. Oògùn wúlò, ó gbà, ṣùgbọ́n èèyàn ni aṣọ èèyàn.

Ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò jìnnà sí i rí. Ó ṣèwádìí lórí àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ọpọlọ wọn dàrú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbi tí wọ́n ti ń kàwé. Ohun tó rí ni pé ọ̀pọ̀ wọn, pẹ̀lú gbogbo ìwé tí wọ́n kà, ló ń bẹ̀rù pé àwọn kan ń ṣe wọ́n láti ilé. Raymond Prince, dókítà ọmọ Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Arò, náà kọ̀wé lọ́dún 1960 lórí ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń pè ní brain fag: orí á máa gbóná, ojú á máa ro wọ́n, ohun tí wọ́n ń kà kò ní wọlé mọ́. Ó tọ́ka sí i pé ẹrù ẹbí wà nínú ẹ̀. Gbogbo ilé ló dáwó jọ rán ọmọ kan níwèé, gbogbo ilé ló ń dúró dè é.

Lọ́dún 1963, Lámbò di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn. Lọ́dún 1968, ó di gíwá. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti le. Ní ọjọ́ 1, oṣù Kejì, ọdún 1971, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fẹ̀hónú hàn lórí ọ̀rọ̀ ilé oúnjẹ gbọ̀ngàn Zik, ọlọ́pàá wọ ọgbà, ìbọn ba Kúnlé Adépéjù, ọmọkùnrin náà sì kú. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lábẹ́ Onídàájọ́ Kazeem. Títí dòní, orúkọ Adépéjù ló wà lára ilé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ UI. Mi ò sọ èyí láti fi ba òkú lórúkọ jẹ́. Ó kàn fi hàn pé ọgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo, bó ti wù kó pọ̀ tó, kò lè dáàbò bo akẹ́kọ̀ọ́ bí ètò tó yí i ká kò bá létí.

Lọ́dún yẹn kan náà ló lọ sí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ó sì di igbákejì ọ̀gá àgbà wọn lọ́dún 1973, ipò tó wà títí di 1988. Ọjọ́ 13, oṣù Kẹta, ọdún 2004 ló kú.

Ẹ wá wò ó. Láyé Lámbò, aláìsàn ló ń wọ abúlé àgbẹ̀ wá. Láyé tiwa, akẹ́kọ̀ọ́ ni. Ajíbọ́dé ní Akínyẹlé, abúlé ni tẹ́lẹ̀, lónìí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ UI ti kún un. Ọmọ Lálúpọn, ọmọ Ẹ̀rúnmu, ọmọ Àkànràn á wá gba yàrá kan níbẹ̀, òun nìkan. Láńlọ́ọ̀dù mọ ọjọ́ tí owó ilé máa pé, kò mọ ọjọ́ tí ọmọ náà ti jáde síta kẹ́yìn. Bàbá tó ta ilẹ̀ oko san owó ilé ìwé ń pè lórí fóònù, èsì ìdánwò ló ń béèrè. Kọ́ọ̀sì mẹ́ta ti já, ọmọ ò lè sọ, torí àwa náà la kọ́ ọ pé ikú yá ju ẹ̀sín.

Òfin pàápàá dá kún un. Abala 327 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí òyìnbó fi sílẹ̀ ní kí wọ́n sọ ẹni tó bá gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ sẹ́wọ̀n ọdún kan. Ẹni tó ń wá ikú, ẹ̀wọ̀n wo lẹ fẹ́ fi dẹ́rù bà á? Àwọn ẹbí àti onílé nìkan ló ń bà lẹ́rù, wọ́n á bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ dípò kí wọ́n gbé ọmọ lọ ọsibítù. Èkó ti sún síwájú lọ́dún 2011, òfin tiwọn ní kí adájọ́ ní kí wọ́n gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ gba ìtọ́jú. Ní oṣù Kìíní, ọdún 2023, Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun rọ́pò òfin wèrè ayé amúnisìn. Ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n òfin kì í kan ilẹ̀kùn yàrá ẹnikẹ́ni.

Àwa la máa kàn án. Ẹ̀yin láńlọ́ọ̀dù, bí ọmọ tó ń gbélé yín kò bá jẹun mọ́, tí kò sùn, tó ń pín ẹrù rẹ̀ fún èèyàn, tó ń sọ pé ayé sú òun, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ. Ẹ jókòó tì í, ẹ bi í gbangba bóyá ó ń ronú àtipa ara rẹ̀. Ìbéèrè yẹn kì í fi ikú sí èèyàn lọ́kàn, ọ̀nà ló máa ń là fún un láti sọ̀rọ̀. Ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ gbé oògùn kòkòrò inú oko kúrò nítòsí, ẹ pe àwọn èèyàn rẹ̀. Ẹ bá a lọ sí Jájá bó bá jẹ́ ọmọ UI, tàbí ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ ní UCH. Ẹ̀yin òbí, ẹ kọ́kọ́ béèrè ọmọ kí ẹ tó béèrè èsì. Ìwé tó já ṣeé tún kà.

Àwọn àgbẹ̀ Arò kò ka ìwé ìṣègùn kankan, síbẹ̀ wọ́n gba ẹni tí gbogbo ayé ń sá fún sílé. Ṣé ọmọ tó ń sanwó ilé fún wa la ò wá ní lè bi pé ṣé ó jí ire?