Ọba Zaccheus Òkénlá àti Ìlú Àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́

Ẹni tí a bí sí Ìfọ́n tàbí Ìlobù kò nílò àlàyé lórí ohun tí agboolé jẹ́. Ẹnu ọ̀nà kan náà ni gbogbo ará ilé ń gbà wọlé, baálé kan ni wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún, ilẹ̀ ẹbí sì ni wọ́n ń dáko sí. Síbẹ̀, olúkúlùkù ló ni iṣu inú àká rẹ̀, ìyàwó kọ̀ọ̀kan ló sì ni ìkòkò ọbẹ̀ tirẹ̀. Ọba tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí, tí ó jọba létí òkun ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, Ìpínlẹ̀ Oǹdó, sapá láti sọ àká àti ìkòkò náà di ọ̀kan ṣoṣo fún odidi ìlú.

Zaccheus Òkénlá wà lára àwọn ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù tí wọ́n wá di Àpọ́sítélì Mímọ́. Wọ́n kọ̀ láti bá ará ìlú bọ òrìṣà, ìtàn wọn sì sọ pé wọ́n tako pípa ìbejì. Èyí bí àwọn àgbà ìlú nínú. Ojú wọn rí màbo kí wọ́n tó fi ilé bàbá wọn sílẹ̀. Ní ọjọ́ kejìlá, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1947, wọ́n tẹ Ayétòrò dó sórí iyanrìn àti ẹrẹ̀ ní bèbè òkun. Òkénlá ni wọ́n fi jẹ ọba àkọ́kọ́, tí oyè rẹ̀ ń jẹ́ Ogeloyinbo.

Ohun tí gbogbo wa ń kà nínú ìwé Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì, orí kejì àti orí kẹrin, tí a sì ń kọjá lọ, ni Òkénlá àti àwọn ènìyàn rẹ̀ mú ṣe. Apẹja ń pẹja fún ìlú, owó ẹja sì ń wọ àpò kan náà. Ẹnikẹ́ni kì í gba owó iṣẹ́. Ìlú ló ń bọ́ ènìyàn, òun ló ń wọ̀ ọ́ láṣọ, òun náà ló ń fún un ní ibùgbé. Wọ́n ń kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ń hun aṣọ, wọ́n ń ran bàtà, wọ́n sì ń ṣe búrẹ́dì. Orí òpó ni ilé wọn wà, pákó ni wọ́n sì tẹ́ ṣe òpópónà. Ní 1953, iná mànàmáná ti ń tàn ní Ayétòrò, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá wa ṣì ń tan àtùpà elépo. Àwa tí a mọ ohun tí ọ̀ràn ilẹ̀ dá sílẹ̀ láàrin Ìfọ́n àti Ìlobù, títí ìjọba fi kéde kónílé-ó-gbélé ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, kò lè ṣàì yà wá lẹ́nu pé ìlú kan wà tí ará ibẹ̀ kò pe ohunkóhun ní tèmi.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni a lè yìn. Fún ọdún mélòó kan, apá ọ̀tọ̀ ni ọkùnrin ń gbé, apá ọ̀tọ̀ ni obìnrin ń gbé, ìlú ló sì ń tọ́ ọmọ dípò òbí. Ó ṣòro fún wa láti gbà pé báyìí ni Olúwa fẹ́ kí ìdílé rí.

Ẹ̀kọ́ kan tún wà tí a kò lè bá wọn gbà: wọ́n gbàgbọ́ pé Àpọ́sítélì Mímọ́ kò ní í kú. Ní 1963, Ọba Òkénlá wàjà. Ó ṣeé ṣe kí ẹ fojú inú wo bí ọjọ́ náà ti rí lára àwọn tí wọ́n ti fi ilé, ọ̀nà àti ogún baba sílẹ̀ nítorí ìlérí yẹn. Ìlú kò tú, iṣẹ́ kò sì dúró lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi di 1968, wọ́n ti gba olúkúlùkù láyè láti ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀ kí ó sì ní owó tirẹ̀. Àpò kan ṣoṣo náà kò ju nǹkan bí ogún ọdún lọ, Òkénlá sì ni olórí ní mẹ́rìndínlógún nínú rẹ̀.

Ayétòrò ṣì wà, ọba ṣì ń jẹ níbẹ̀. Òkun ni ìṣòro wọn báyìí. Ó ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ, àwọn ará ìlú sì ń kó sẹ́yìn sí i bí omi ti ń bọ̀.