Toussaint Louverture: Ó tú ẹrú sílẹ̀, ó sì fi ara rẹ̀ jẹ gómìnà títí ọjọ́ ikú

Nínú gbogbo ìtàn ayé, Haiti nìkan ni ibi tí àwọn ẹrú ti dìde, tí wọ́n ṣẹ́gun àwọn olówó wọn, tí wọ́n sì dá orílẹ̀-èdè tiwọn sílẹ̀. Toussaint Louverture ló ṣáájú nínú ìjà náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìbéèrè ńlá wà nínú ìtàn ọkùnrin yìí: kí ló dé tí ìjà òmìnira fi bí ìjọba apàṣẹwàá?

Nǹkan bí ọdún 1743 ni wọ́n bí i sí oko Bréda, nítòsí ìlú Cap-Français, ní ilẹ̀ tí àwọn Faransé ń pè ní Saint-Domingue nígbà náà. Ìtàn ìdílé rẹ̀ sọ pé ọmọ Àládà ni bàbá rẹ̀, ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní, tí kò jìnnà sí ilẹ̀ Yorùbá. Toussaint ń tọ́jú ẹran ọ̀sìn, ó ń wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin, ó sì mọ ewé àti egbò. Nígbà tó fi máa di ọdún 1776, ó ti gba òmìnira. Kódà, òun náà háyà oko kọfí kan tó ní ẹrú nínú. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń yìn ín kì í fẹ́ dárúkọ èyí.

Nǹkan bí 500,000 ẹrú ló wà ní ilẹ̀ náà, àwọn òyìnbó kò sì ju nǹkan bí 40,000 lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1791, àwọn ẹrú dìde, wọ́n dáná sun oko ìrèké. Toussaint dara pọ̀ mọ́ wọn. Ó kọ́kọ́ jagun fún Sípéènì, ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba Faransé kéde ní ọdún 1794 pé gbogbo ẹrú ti di òmìnira, ó padà sọ́dọ̀ wọn. Ọdún 1798 ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ẹrù wọn kúrò níwájú rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá yí padà nìyí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1800, ó pàṣẹ pé kí àwọn tó ti ṣe ẹrú lóko rí padà sí oko ìrèké àti kọfí. Owó wà níbẹ̀ fún wọn lóòótọ́, àmọ́ àwọn ọmọ ogun ló ń ṣọ́ wọn. Ní oṣù keje ọdún 1801, ìwé òfin tuntun jáde. Àwọn mẹ́wàá ló kọ ọ́, òyìnbó ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ó fòfin de oko ẹrú títí láé, ṣùgbọ́n ó fi Toussaint jẹ gómìnà títí ọjọ́ ikú, ó sì fún un láṣẹ láti yan ẹni tí yóò jẹ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ oko ṣọ̀tẹ̀ lọ́dún náà, ó ní kí wọ́n yìnbọn pa ọ̀gágun Moïse, ẹni tó mú bí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà.

Kì í ṣe ojúkòkòrò nìkan ló fà á. Ọ̀tá wà lójú òkun, ṣúgà àti kọfí ni wọ́n sì lè tà kí wọ́n tó rí owó ìbọn àti ẹ̀tù. Èyí tó tún wúwo jù ni pé àwọn tó wà lábẹ́ pàṣán kò jókòó sí ìgbìmọ̀ kankan rí. Ní Virginia, ilé ìgbìmọ̀ ti wà láti ọdún 1619. Nígbà tí George Washington fi ipò ọ̀gágun sílẹ̀ ní ọdún 1783, ìgbìmọ̀ wà tó lè dá a padà fún. (Àwọn tó ń ṣe ìjọba ara wọn yẹn náà ní ẹrú nílé o!) Ta ni Toussaint fẹ́ fi idà lé lọ́wọ́? Síbẹ̀, ní èrò tèmi, ó ní àyè láti bẹ̀rẹ̀ ìgbìmọ̀ kékeré láàrin àwọn ará oko, kò sì ṣe é.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1802, Leclerc, ọkọ àbúrò Napoleon, tí Napoleon rán wá, gúnlẹ̀ pẹ̀lú nǹkan bí 20,000 ọmọ ogun. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ọ̀gágun Toussaint ń sá lọ bá a. Wọ́n mú Toussaint ní oṣù kẹfà, wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀wọ̀n Fort de Joux ní orí òkè olótùútù ní Faransé, ibẹ̀ ló kú sí ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1803.

Dessalines ló kéde òmìnira Haiti ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 1804. Kí ọdún náà tó parí, ó ti fi ara rẹ̀ jẹ ọba aláṣẹ, wọ́n sì pa á ní 1806. Christophe jọba ní àríwá ní 1811, Pétion ní gúúsù sì di ààrẹ títí ọjọ́ ikú ní 1816. Ọ̀gágun ni gbogbo wọn.