Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti Àwọn Ọ̀rọ̀ Tí Ó Jọ Ara Wọn

Kò sí ẹnì kan nínú àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ tí kò tíì gbọ́ orúkọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Àwọn ènìyàn a máa rántí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹrú tí ó di bíṣọ́ọ̀bù, àti gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó túmọ̀ Bíbélì fún wa. Òtítọ́ ni èyí. Ṣùgbọ́n àwa fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, bá wa wo ọkùnrin náà láti ìhà mìíràn, èyíinì ni gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ ya àwọn ọ̀rọ̀ tí ó jọ ara wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Iṣẹ́ yìí gan-an ni ó ń dá wa lágara nínú kíláàsì. Ẹ lọ sí ilé-ìwé ní Odò-Ọwá, tàbí ní Ìjerò, tàbí ní Àrámọ̀kọ, kí ẹ sì ní kí ọmọ kan fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà borrow sínú gbólóhùn; ẹ ó rí i pé lend ni ó ń wí. Ẹ ní kí ó lo teach. Learn ni yóò mú wá. Olùkọ́ a bínú, ọmọ a sì dákẹ́, kò sì sí ẹni tí ó mọ ibi tí àṣìṣe náà ti wá.

Òṣogùn, ní ìhà Ìsẹ́yìn, ni a bí Àjàyí sí, kí ó tó di ọdún 1810. Ahunṣọ ni baba rẹ̀, Àfàlà sì ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ní ọdún 1821 ni ogun kó Òṣogùn, tí a sì kó òun àti ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ lẹ́rú. Wọ́n fi í ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin, wọ́n tà á láti ọwọ́ kan dé ọwọ́ kejì, títí ó fi dé Èkó, níbi tí àwọn Potogí ti kó o sínú ọkọ̀. Ní ọjọ́ keje oṣù Kẹrin ọdún 1822 ni ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí à ń pè ní Myrmidon mú ọkọ̀ náà lójú òkun, tí ó sì gba àwọn ẹrú inú rẹ̀ sílẹ̀. Sàró ni wọ́n kó wọn lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kan àwa olùkọ́ ni ó bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ní abúlé Bathurst ní Sàró ni a gbé fi Àjàyí sí ilé-ìwé. A ròyìn pé ní ọjọ́ kìíní tí ó lọ sí ilé-ìwé, ó tọrọ ààbọ̀ kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ará ìlú rẹ̀ kan, ó sì fi ra páálí tí a kọ ábídí sí, kí ó lè jẹ́ tirẹ̀. Kí oṣù mẹ́fà tó pé, ó ti ń ka Májẹ̀mú Titun. Wọ́n fi í ṣe olùrànlọ́wọ́ olùkọ́, wọ́n sì ń san kọ́bọ̀ méje àbọ̀ fún un ní oṣù kan. Ẹ kíyèsí i pé kò sí ìwé kankan nígbà náà tí ó lè sọ fún ọmọ Yorùbá ohun tí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan jẹ́ ní èdè ìyá rẹ̀. Ohun gbogbo tí ó mọ̀, etí ni ó fi gbọ́ ọ, orí ara rẹ̀ ni ó sì fi wá ìtumọ̀ rẹ̀.

A ṣe ìrìbọmi fún un ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kejìlá ọdún 1825, ó sì gba orúkọ Samuel Crowther, orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ìgbà díẹ̀, ó padà, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay ní ọdún 1827. Ó gbé Asano níyàwó, ẹni tí a gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú gẹ́gẹ́ bí òun, tí a sì ń pè ní Susan. Olùkọ́ ni àwọn méjèèjì. Ní ọdún 1841 ó bá ọkọ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gòkè odò Ọya pẹ̀lú Ọ̀gbẹ́ni Schön. Àìsàn pa púpọ̀ nínú àwọn òyìnbó tí ó bá ọkọ̀ náà lọ. Ìrìn-àjò yìí ni ó mú kí Ẹgbẹ́ C.M.S. ránṣẹ́ pè é sí Lọ́ńdọ̀nù, a sì fi í jẹ oyè àlùfáà ní ọdún 1843.

Ọdún 1843 yìí kan náà ni ìwé ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde. Apá méjì ni ìwé náà: ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, èkejì láti Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1852 ó tún un tẹ̀, ó sì mú un gbòòrò, pẹ̀lú ìwé gírámà kan. Vidal, tí ó di bíṣọ́ọ̀bù Sàró, ni ó kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀. Nínú iṣẹ́ yìí ni a gbé rí àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀, tí àwọn mìíràn nínú wa ń kùn sí nítorí pé ó ń fa àkókò. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: kí ni òyìnbó yóò ṣe pẹ̀lú ọkọ tí ó ní aya, ọkọ́ tí a fi ń ro oko, ọkọ̀ tí ó ń gbé ènìyàn, àti ọ̀kọ̀ tí a fi ń jagun? Ní etí rẹ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ship àti sheep ṣe rí ní etí ọmọ wa, àti live àti leave, nítorí pé irú ìró i kan ṣoṣo ni èdè wa ní. Òyìnbó tí ó sọ pé òun fẹ́ ra ọkọ ní ọjà kì í ṣe òmùgọ̀. Ọmọ tí ó sọ pé òun leave ní Odò-Ọwá kì í ṣe òmùgọ̀ pẹ̀lú.

Ìyẹn ni ti ìró. Ti ìtumọ̀ ni ó ṣòro jù, níbẹ̀ ni a sì rò pé ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Crowther yóò jèrè jùlọ. Kì í ṣe inú yàrá rẹ̀ nìkan ni ó jókòó sí tí ó ń wá ọ̀rọ̀. Ó ń fetí sí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ àwọn àgbà, ó ń kó òwe jọ, ó sì ń wo irú ibi tí a gbé ń lo ọ̀rọ̀ kí ó tó sọ ohun tí ó jẹ́. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú yá, kí ni a ó rí? Àwọn kan a máa sọ fún ọmọ pé Yorùbá kò mọ ìyàtọ̀ láàrin borrow àti lend. Irọ́ ni. Ẹ gbọ́ èyí: mo yá ọ̀bẹ lọ́wọ́ Òjó. Ẹ sì gbọ́ èyí: Òjó yá mi ní ọ̀bẹ. Kò sí ọmọ ọdún mẹ́rin kan tí yóò ṣi ẹni tí ó ni ọ̀bẹ mọ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré náà lọ́wọ́, àti èkejì rẹ̀ ní, ni ó gbé ìyàtọ̀ náà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì fi í sínú ọ̀rọ̀ ìṣe fúnra rẹ̀. Bákan náà ni kọ́: mo kọ́ ìṣirò lọ́wọ́ Tísà, Tísà kọ́ mi ní ìṣirò. Ibi tí a bá gbọ́ lọ́wọ́, borrow tàbí learn ni. Ibi tí a bá gbọ́ ní lẹ́yìn ẹni tí a ṣe é fún, lend tàbí teach ni. A ti dán èyí wò pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin, ó sì yá wọn lára ju kí a kọ òfin gírámà sára pátákó lọ, nítorí pé wọ́n rí i pé àwọn ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Gbogbo rẹ̀ kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ ni a ń pe leg, ẹsẹ̀ ni a sì ń pe foot, kò sì sí ọ̀rọ̀ kékeré kan tí yóò ràn wá lọ́wọ́. A ní láti fi ọwọ́ tọ́ka sí i ni. Ilé ni house, ilé ni home pẹ̀lú. Ọmọ Èkìtì tilẹ̀ ní ẹrù kan lé e, nítorí ulé ni ó ń wí ní ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń pe iṣu ní usu àti igbá ní ugbá. Ìwé ti kọ́ ọ láti wí ilé kí ó tó kan Gẹ̀ẹ́sì rárá. Èdè inú ìwé náà, láti ẹnu ará Ọ̀yọ́ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá, Òṣogùn tí a bí Crowther sí sì wà lára ilẹ̀ Ọ̀yọ́. Nítorí náà kí olùkọ́ má ṣe ka ulé sí àṣìṣe, èdè ni.

Crowther fúnra rẹ̀ mọ ìnira yìí lára. Nígbà tí ó kọ́kọ́ wàásù ní èdè Yorùbá ní Sàró, ní oṣù Kìíní ọdún 1844, ó kọ̀wé pé òun dà bí ọmọ ọwọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè ìyá rẹ̀. Èdè tí ó ti fi wàásù tí ó sì ti fi ka ìwé fún ogún ọdún, Gẹ̀ẹ́sì ni. Ní ọdún 1846, ní Abẹ́òkúta, ni òun àti ìyá rẹ̀ tún fojú kan ara wọn, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ní ọdún 1848 ni a ṣe ìrìbọmi fún ìyá náà, a sì pè é ní Hannah. Ní Abẹ́òkúta yìí ni iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì ti gbilẹ̀, Thomas King sì bá a ṣe é gidigidi. Ìwé sí àwọn ará Róòmù jáde ní ọdún 1850. Odidi Bíbélì kò parí títí di ọdún 1884.

Ohun kan wà tí a kì í sábà sọ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ní ọdún 1862 iná jó ilé tí Crowther ń gbé. Àwọn ọ̀rọ̀ àti òwe tí ó ti ń kọ sílẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá, láti fi kún ìwé ọ̀rọ̀ rẹ̀, jóná pátápátá. Ẹni tí ó bá ti sọ ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ kan nù rí yóò mọ̀ díẹ̀ nínú ohun tí èyí jẹ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ọ̀rọ̀ jọ.

Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹfà ọdún 1864 ni a fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ìjọ Áńgílíkà fi sí ipò náà. Iṣẹ́ rẹ̀ wà ní ìhà odò Ọya láti ìgbà náà lọ, láàrin àwọn tí èdè wọn kì í ṣe tirẹ̀, ó sì ní láti gbẹ́kẹ̀ lé ògbufọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Síbẹ̀ ó kọ ìwé lórí èdè Núpé àti èdè Ìgbò. Ní oṣù Kìíní ọdún 1875 ó wà lára àwọn tí ó péjọ ní Èkó láti fi ẹnu kò lórí bí a ó ti máa kọ èdè Yorùbá sílẹ̀, ìpinnu wọn sì dúró fún ìgbà pípẹ́.

Òpin rẹ̀ kò dùn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1890, ní Onitsha, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó dìde sí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ń dá wọn dúró ní ojú rẹ̀, bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Ó fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Arúgbó ẹni ọgọ́rin ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni nígbà náà. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ ìkẹyìn ọdún 1891.

Ní ọdún 1913 Ilé Ìtàwé C.M.S. ní Èkó tẹ ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ olùkọ́ lò lẹ́yìn náà. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí ó wà níbẹ̀, Crowther ni ó kọ́kọ́ tò wọ́n sínú ìwé.