Pàádì Antonio ti Èkó

Pàádì ni àwọn ará Èkó ń pè é, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àlùfáà. Ẹrú ni Antonio ti jẹ́ rí kí ó tó di òmìnira. Ní àkókò náà ni àwọn Àgùdà ń ti ilẹ̀ Brazil padà wá sí Èkó. Wọ́n mú ìgbàgbọ́ wọn bọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò rí fadá kan tí yóò ṣe Mísà fún wọn.

Àwa tí a ń gbọ́ agogo Mísà láràárọ̀ kò lè tètè mọ bí èyí ti nira tó. Díẹ̀ ni ó kù kí ìgbàgbọ́ wọn kú lọ́wọ́ wọn. Antonio fi ọparun kọ́ ilé àdúrà kékeré kan, ó ń kó wọn jọ síbẹ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi, ó sì ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ Ìjọ. (Kò sí míṣọ́nù kan tí ń san owó oṣù fún un, kí àwa olùkọ́ lọ́la rántí èyí.) Bí àìsàn bá dá ẹnìkan wó, a ó ránṣẹ́ pè é, bí ọmọ-ọwọ́ bá wà ní bèbè ikú, òun ni yóò ta omi sí i lórí ní orúkọ Mẹ́talọ́kan, gẹ́gẹ́ bí Ìjọ ti yọ̀ǹda, bí ènìyàn bá sì kú, òun ni yóò gbàdúrà ìsìnkú.

Nígbà tí Fadá Borghero bẹ Èkó wò ní 1863, ìjọ tí ń gbàdúrà ni ó bá níbẹ̀. Ní 1868 ni Fadá Bouche wá láti máa gbé ibẹ̀. Antonio sì fi gbogbo ìjọ náà lé àwọn àlùfáà lọ́wọ́.