Jean Hoerni

Jean Amédée Hoerni (ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1924 – ọjọ́ 12 oṣù Kìíní ọdún 1997) jẹ́ onímọ̀ físíksì tí a bí ní orílẹ̀-èdè Switzerland, tí ó sì ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Òun ni ó ṣe àgbékalẹ̀ ọ̀nà ìṣẹ̀dá tiransísítọ̀ tí a mọ̀ sí planar. Ọ̀nà yìí fi òpin sí ohun tó ń ṣàdédé pa tiransísítọ̀ ìgbà náà, orí rẹ̀ sì ni a kọ́ IC inú kọ̀ǹpútà àti fóònù òde òní lé.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé àti ẹ̀kọ́ rẹ̀

Ìlú Geneva ni wọ́n ti bí Hoerni. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Geneva, ó sì gba òmíràn ní Yunifásítì Cambridge. Ní ọdún 1952, ó lọ ṣe ìwádìí ní California Institute of Technology. William Shockley, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣẹ̀dá tiransísítọ̀, gbà á sí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1956. Àárín Shockley àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò gún. Ní ọdún 1957, Hoerni àti àwọn méje mìíràn fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì dá Fairchild Semiconductor sílẹ̀.

Tiransísítọ̀ tó ń ṣàdédé kú

Mesa ni wọ́n ń pe irú tiransísítọ̀ tí Fairchild kọ́kọ́ tà. Ojú ibi tí ìpele sílíkọ́nì kan ti pàdé èkejì wà ní ìhòòhò nínú agolo irin kékeré tí wọ́n dé pa. Láìpẹ́, a rí i pé àwọn kan tó ti yege nínú àyẹ̀wò máa ń kú bí a bá kàn fi nǹkan kan agolo wọn. Ọ̀ràn náà kì í ṣe kékeré, nítorí ẹ̀rọ tó ń darí ọkọ̀ ohun ìjà Minuteman wà lára ibi tí wọ́n fẹ́ lò wọ́n sí, kò sì sí ẹni tó lè tún un ṣe lójú òfuurufú.

Nígbà tí wọ́n tú agolo, wọ́n bá ẹ̀rún irin tíntìntín níbẹ̀. Agbára iná ní ojú ìpàdé ìpele máa ń fa ẹ̀rún náà mọ́ra. Bí ó bá ti dábùú ibẹ̀, iná á gba ọ̀nà àbùjá, èyí tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní bríìjì, tiransísítọ̀ á sì kú.

Ojútùú rẹ̀

Bí a bá fi iná jó sílíkọ́nì, awọ ọ́ksáídì bíi gíláàsì máa ń bò ó. Àṣà ìgbà náà ni pé kí a ṣí awọ yìí kúrò nígbà tí iṣẹ́ bá parí, nítorí wọ́n gbà pé ó ti dọ̀tí. Hoerni ti kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1957 pé kí a fi í sílẹ̀ kí ó dáàbò bo ojú ìpàdé náà. Ìṣòro mesa ni ó mú un padà sídìí èrò yìí. Ní ọdún 1959, ó fi tiransísítọ̀ planar àkọ́kọ́ han àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ìròyìn sọ pé ó tutọ́ sí i lójú wọn, kò sì dáṣẹ́ dúró.

Robert Noyce rí i pé a lè fi ọ̀já irin tẹ́ẹ́rẹ́ la orí awọ náà kọjá láti so ọ̀pọ̀ tiransísítọ̀ pọ̀ láìsí bríìjì. Ní ọdún 1960, ikọ̀ tí Jay Last darí ṣe IC planar àkọ́kọ́ yọrí.

Ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀

Hoerni kúrò ní Fairchild ní ọdún 1961. Ó wà lára àwọn tó dá Amelco sílẹ̀, ó sì dá Intersil sílẹ̀ ní ọdún 1967. Ó fẹ́ràn gígun òkè, ó sì fi owó rẹ̀ kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ní abúlé Korphe ní Pakistan. Ìlú Seattle ni ó kú sí ní ẹni ọdún 72.