Augustine Nígbà Èwe Rẹ̀

Bíbélì Kíkà: Òwe 1:8-15; Róòmù 13:11-14

Bí a bá dárúkọ Augustine, ohun tí ó máa ń wá sí ọkàn wa ni bíṣọ́ọ̀bù àgbà, ọ̀mọ̀wé tí Ìjọ Ọlọ́run káàkiri ayé ṣì ń ka ìwé rẹ̀. A kì í sábà rántí pé òun náà ti jẹ́ ọmọ ọdún 16 rí, ọmọ tí kò gbọ́ràn, tí ọkàn ìyá rẹ̀ kò sì balẹ̀ nítorí rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ ìtàn náà sílẹ̀ nínú ìwé Ìjẹ́wọ́ rẹ̀, láàárín nǹkan bí ọdún 397 sí 400. Ó yẹ kí àwa òbí fi etí sílẹ̀ sí i.

Ilé àti Ilé-Ìwé

A bí Augustine ní ọjọ́ 13 oṣù Kọkànlá, ọdún 354, ní ìlú Thagaste ní Àríwá Áfíríkà, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Algeria lónìí. Monica ìyá rẹ̀ jẹ́ onígbàgbọ́ tòótọ́. Patricius baba rẹ̀ kò tíì gba Kristi nígbà náà. Onínúure ni, ṣùgbọ́n inú a máa tètè bí i. Wọn kì í ṣe olówó, síbẹ̀ wọ́n pinnu pé ọmọ wọn gbọ́dọ̀ kàwé dé ibi gíga.

Ẹgba ni àwọn olùkọ́ ìgbà náà fi ń kọ́ ọmọ. Augustine fẹ́ràn eré ju ìwé lọ, ó sì kórìíra èdè Gíríìkì. Nígbà tí ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí gbàdúrà, ohun tí ó ń bẹ Ọlọ́run fún ni kí wọ́n má ṣe na òun ní ilé-ìwé. Àwọn òbí rẹ̀ a máa fi ẹgba tí ó jẹ rẹ́rìn-ín. Ó ń purọ́ fún olùkọ́ àti òbí nítorí eré, ó sì ń jí nǹkan nínú ilé láti fi wá ojú rere àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ọdún Kan Láìsí Iṣẹ́

Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 16, owó tán. Ó kúrò ní ilé-ìwé tí ó wà ní Madauros, ó padà sí ilé, baba rẹ̀ sì ń tu owó jọ láti rán an lọ sí Carthage. Odidi ọdún kan ni ó fi jókòó láìní iṣẹ́ kan pàtó. Àwọn àgbà sọ pé ọwọ́ tí ó dilẹ̀ ni Èṣù ń bẹ̀ lọ́wẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, baba rẹ̀ rí i ní ilé ìwẹ̀ pé ọmọ òun ti ń di ọkùnrin. Inú rẹ̀ dùn, ó rò pé òun yóò rí ọmọ-ọmọ láìpẹ́, ó sì fi ayọ̀ ròyìn rẹ̀ fún Monica. Ẹ̀rù ba Monica ní tirẹ̀. Ó pe ọmọ náà sí ìkọ̀kọ̀, ó sì kìlọ̀ fún un kí ó sá fún àgbèrè, pàápàá jù lọ pẹ̀lú aya aláya. Augustine ka ìkìlọ̀ náà sí ọ̀rọ̀ obìnrin lásán. Ojú ì bá tì í láti gbọ́ràn. Ó pẹ́ kí ó tó mọ̀ pé Ọlọ́run ni ó ń bá òun sọ̀rọ̀ láti ẹnu ìyá òun.

Àwọn òbí méjèèjì kò sì wá ìyàwó fún un, nítorí wọ́n bẹ̀rù pé ìyàwó yóò dí ìwé rẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí ó dàgbà, ó kọ ọ́ pé ìmọ̀ ìwé òun ni baba òun ń lé kiri, kò bìkítà bí ìwà òun ti rí níwájú Ọlọ́run.

Ẹgbẹ́ Búburú

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a máa fi ìwà ìbàjẹ́ wọn yangàn. Ojú a máa tì í bí tirẹ̀ kò bá tó tiwọn. Nítorí náà, ó ń parọ́ pé òun ti ṣe ohun tí òun kò ṣe, kí wọ́n má baà fojú tín-ín-rín òun.

Ní òru ọjọ́ kan, òun àti wọn lọ gbọn igi eléso ẹlòmíràn tí ó wà nítòsí ọgbà àjàrà tiwọn. Èso náà kò fani mọ́ra, kò sì dùn. Ebi kò pa wọ́n, Augustine sì ní èyí tí ó dára jù ú lọ ní ilé. Wọ́n dà á fún ẹlẹ́dẹ̀. Ó jẹ́wọ́ lẹ́yìn náà pé bí ó bá ku òun nìkan, òun kì bá ti ṣe é.

Omijé Ìyá

Ó dé Carthage ní ọmọ ọdún 17. Kò pẹ́ tí baba rẹ̀ kú. Patricius ti gba Kristi kí ó tó kú. Augustine bẹ̀rẹ̀ sí bá obìnrin kan gbé láìgbé e níyàwó, kò sì tíì pé ọmọ 20 ọdún nígbà tí wọ́n bí Adeodatus ọmọkùnrin wọn. Ó ka Bíbélì, ó fojú tẹ́ḿbẹ́lú rẹ̀, ó sì wọ ẹ̀sìn èké àwọn ará Mani fún nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án.

Monica sọkún lọ bá bíṣọ́ọ̀bù kan pé kí ó bá òun bá a sọ̀rọ̀. Bíṣọ́ọ̀bù náà kọ̀, ó ní ọmọ náà kò tíì ṣe é kọ́. Kí ìyá máa gbàdúrà ni. Ní ọdún 383, Augustine tan ìyá rẹ̀, ó wọkọ̀ lọ sí Róòmù ní òru nígbà tí ìyá ń gbàdúrà. Monica tẹ̀ lé e dé Milan. Níbẹ̀, wọ́n fẹ́ fún un ní aya tí yóò gbé e ga, Monica pàápàá sì lọ́wọ́ sí i. Nítorí èyí, wọ́n dá obìnrin tí ó ti bá a gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún padà sí Áfíríkà láìmú ọmọ rẹ̀ lọ. Augustine kò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún wa. Ẹ̀ṣẹ̀ ìgbà èwe kì í pa ẹni tí ó dá a nìkan lára.

Ìwàásù Ambrose bẹ̀rẹ̀ sí wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Ní ọdún 386, nínú ọgbà kan, ó ṣí ìwé Róòmù 13:13-14, ó sì yí padà. Lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ ti gbàgbọ́, ó ṣe ìrìbọmi ní Ọjọ́ Àjíǹde ọdún 387, òun àti Adeodatus ọmọ rẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà ni Monica kú ní Ostia, nínú ọdún kẹrìndínlọ́gọ́ta ọjọ́ ayé rẹ̀. Ó ti rí ohun tí ó ń tọrọ. Augustine di bíṣọ́ọ̀bù ní Hippo, ó sì sin Ọlọ́run níbẹ̀ títí ó fi kú ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ, ọdún 430.

Ẹ̀kọ́ fún Wa

Ẹ̀yin ará, ara tí ń yí padà, ọwọ́ tí ó dilẹ̀, àti ìbẹ̀rù ẹ̀sín ẹgbẹ́ ń bá àwọn ọmọ wa jà lónìí gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti bá Augustine jà. Àwa náà ń sáré owó ilé-ìwé, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń pe ọmọ náà sí ìkọ̀kọ̀? Bí ó bá sì kọ ọ̀rọ̀ wa, ẹ má jẹ́ kí a fi iyàn jíjà rọ́pò àdúrà. Ìdáhùn Monica pẹ́, ṣùgbọ́n ó dé.

Fún Ìjíròrò

1. Kí ni ó mú kí Augustine jí èso tí kò nílò?
2. Níbo ni Monica ti ṣe dáadáa, níbo ni ó sì ti kù díẹ̀ káàtó?
3. Kí ni ìjọ wa lè fún àwọn ọ̀dọ́ tí ó jókòó sílé láìníṣẹ́ ṣe?